Ìsinmi Àwọn Ìdílé Wa àti Ìrìn-àjò sí Erékùṣù

Ẹ̀kọ́ Bíbélì: Deuteronomi 5:12–15, Marku 6:30–34



Nígbà tí sáà ìkẹta ilé-ẹ̀kọ́ bá ń lọ sí òpin, tí àwọn ọmọ wa sì ń ṣe ìdánwò ìkẹyìn, ọ̀rọ̀ kan a máa jẹ jáde nínú ilé púpọ̀ ní Ọ̀tà àti ní Sango, èyí ni pé: níbo ni a ó lọ ní ìsinmi yìí? Ní ìgbà àwọn bàbá wa, ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Abúlé ni a ó lọ, sí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, láti jẹ iṣu titun àti láti ran àwọn àgbà lọ́wọ́ nínú oko. Ṣùgbọ́n ní àkókò tiwa yìí, àwọn ọmọ ti ń rí àwòrán erékùṣù lórí ẹ̀rọ alágbèéká àwọn òbí wọn: iyanrìn funfun, omi tí ó dà bí aró, igi àgbọn tí ó tẹ̀ sí etí òkun. Wọ́n sì ń dárúkọ Zanzibar àti Seychelles bí ẹni pé ẹ̀yìn Àtàn ni wọ́n wà.

Àwọn ará ìjọ kan ti béèrè lọ́wọ́ wa bóyá ó tọ́ fún Kristẹni láti ná owó lórí irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀, nígbà tí òrùlé ilé Ọlọ́run ń jò. Ìbéèrè náà kì í ṣe ti ẹlẹ́gàn, nítorí náà a kò fẹ́ fi ẹ̀rín dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wò ó bóyá ìsinmi fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun tí ó yẹ. Àwọn kan wà láàrin wa tí wọ́n rò pé ọ̀lẹ ni ẹni tí ó bá jókòó jẹ́ẹ́, àti pé Ọlọ́run pàápàá kò fẹ́ràn ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Ṣùgbọ́n Marku sọ fún wa pé nígbà tí àwọn àpọ́sítélì padà láti ibi iṣẹ́ tí Olúwa rán wọn, tí wọ́n sì ròyìn gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣe, kò dá wọn padà sẹ́nu iṣẹ́ lójú kan náà. Ó pè wọ́n láti yà sí apá kan, níbi tí kò sí èrò, kí ara wọn lè balẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn tí ń wá àti àwọn tí ń lọ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn kò rí àyè jẹun. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n sì wọ̀ lọ.

Ẹni tí ó bá mọ Sango kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn tí ń wá àti àwọn tí ń lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń tò sí ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́, ibi tí a ti ń rọ irin, ibi tí a ti ń ṣe ike, ibi tí a ti ń di oúnjẹ sínú páálí. Àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ òru sì ń bọ̀ wá sílé pẹ̀lú ojú pípọ́n, wọ́n ń pàdé ara wọn lábẹ́ afárá láìkí ara wọn tán. Bàbá kan nínú ìjọ wa sọ fún wa pé oorun ni òun fi mọ ọmọ òun ìkẹyìn: bí òun ti ń jáde lọ, ọmọ ń sùn, bí òun ti ń wọlé, ọmọ ń sùn. Ní ọjọ́ kan tí ó wà nílé ní ọ̀sán, ọmọ náà, ọmọ ọdún 3, sáré lọ bá ìyá rẹ̀ ní ilé ìdáná, ó ní, “Mọ́mì, ẹ wá o, bàbá yẹn ti dé.” Bàbá náà rẹ́rìn-ín nígbà tí ó ń sọ ọ́ fún wa, ṣùgbọ́n kò lè rín in parí.

Fún irú bàbá bẹ́ẹ̀, ìsinmi kì í ṣe afẹ́. Ó jẹ́ àtúnṣe ohun tí ó ti ń bàjẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní Òfin Mẹ́wàá yóò ti kíyèsí i pé ẹ̀ẹ̀mejì ni a kọ òfin ọjọ́ ìsinmi sínú Ìwé Mímọ́, ìdí tí a sì fún un kò rí bákan náà. Nínú Eksodu orí 20, ìdí rẹ̀ ni pé Ọlọ́run dá ayé ní ọjọ́ 6, ó sì sinmi ní ọjọ́ keje. Ṣùgbọ́n nínú Deuteronomi orí 5, Mose sọ ìdí mìíràn: kí Ísírẹ́lì rántí pé òun ti jẹ́ ẹrú rí ní Íjíbítì, àti pé Olúwa ni ó fi agbára yọ òun jáde. Nítorí náà ni ọmọ fi gbọdọ̀ sinmi, àti ìránṣẹ́, àti ẹran ọ̀sìn, àti àlejò tí ó wọ̀ sílé ẹni. Ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀. Ẹrú kì í gbèrò ìsinmi. Ẹrú kì í bi aya rẹ̀ léèrè pé níbo ni a ó kó àwọn ọmọ lọ ní oṣù tí ń bọ̀, nítorí ọjọ́ kì í ṣe tirẹ̀, ọmọ pàápàá kì í ṣe tirẹ̀. Ọkọ àti aya tí ó lè jókòó ní alẹ́ pẹ̀lú ìwé àti kálámù, tí wọ́n ń ṣírò ọjọ́ àti owó, ohun tí òmìnira ènìyàn nìkan lè ṣe ni wọ́n ń ṣe, bí wọn kò tilẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Erékùṣù kan sì wà tí kò jìnnà sí wa, níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn gbangba ju ibikíbi lọ. Ẹni tí ó bá jáde láti Ọ̀tà, tí ó gba Àtàn kọjá dé Agbára, yóò bọ́ sí títì tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì. Bí ó bá dé Àgbádárìgì, yóò wọ ọkọ̀ ojú omi ní etí ọ̀sà, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi gúnlẹ̀ sí Gberefu. Ọ̀sà wà ní apá kan, òkun ńlá wà ní apá kejì, igi àgbọn àti iyanrìn wà láàrin. Ohun tí àwọn ọmọ wa ń rí nínú àwòrán, púpọ̀ nínú rẹ̀ wà níbẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí ọ̀ṣọ́ olówó iyebíye. Kò gba ìwé àṣẹ ìrìnnà, kò gba ọkọ̀ òfurufú. Ohun tí ó gbà jù ni sùúrù ojú ọ̀nà, nítorí àwọn agbófinró tí ń dá ọkọ̀ dúró ní ọ̀nà Àgbádárìgì kì í ṣe díẹ̀.

Ṣùgbọ́n etí òkun Gberefu ní orúkọ mìíràn tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n, èyí ni ibi àlọ-àì-bọ̀. Àwọn tí a rà ní ọjà ẹrú ní Àgbádárìgì ni a ń fi ọkọ̀ kó kọjá ọ̀sà yìí kan náà, tí a sì ń mú rìn lórí iyanrìn títí wọn yóò fi dé ibi tí ọkọ̀ àwọn òyìnbó ti ń dúró lójú agbami. Kànga kan wà lójú ọ̀nà náà. Àwọn ará ibẹ̀ a máa sọ fún àlejò pé omi rẹ̀ ni a ń fún àwọn ẹrú mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Bàbá ni, ìyá ni, ọmọ ni. Ẹni tí ó bá sì wọ ọkọ̀ kan lè má rí ẹni tí ó wọ èkejì mọ́ títí ayé.

Àwọn ènìyàn púpọ̀ rò pé láti Àgbádárìgì ni a ti kó Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì dára kí àwọn olùkọ́ wa tún un sọ fún àwọn ọmọ. Ní ọdún 1821 ni a kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, a sì pín wọn níyà. Èkó ni a ti tà á sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Myrmidon gba ọkọ̀ ẹrú náà lójú òkun, wọ́n sì kó àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown. Ọ̀nà Àgbádárìgì ni ó gbà padà wá. Ní oṣù kìíní ọdún 1845, òun pẹ̀lú Townsend àti Gollmer gúnlẹ̀ níbẹ̀, Abẹ́òkúta sì ni ọkàn wọn wà. Ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́ tí wọ́n gbójú lé ti kú, ogun sì dí ojú ọ̀nà, nítorí náà ìwọ̀n ọdún kan àti ààbọ̀ ni wọ́n fi dúró sí Àgbádárìgì, wọ́n ń wàásù, wọ́n ń kọ́ ọmọ. Ó di oṣù kẹjọ ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, kí Crowther tó fi ojú kan Àfàlá ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún 25. Ní ọdún 1848 ni a ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà. Nígbà tí ó sì fi di ọdún 1854, James White, ọmọ Sàró, ti wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Ìhìnrere ní Ọ̀tà wa níhìn-ín.

Ọdún 25 kí ọmọ tó rí ìyá! Àwa sì wà ní ilé kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ wa, a kò rí wọn.

Àgbà ìjọ kan tí a bọ̀wọ̀ fún tako wa lórí ọ̀rọ̀ Gberefu yìí. Ó ní ibi ẹkún kò yẹ fún eré, àti pé ẹni tí ó bá ń jẹ ìrẹsì lórí iyanrìn náà dà bí ẹni tí ń ṣe àríyá lórí ibojì. A ro ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, nítorí òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé ọtí àti ìlù aláriwo lọ síbẹ̀, tí ó ń jó kiri láìbìkítà, ìwà àìmọ̀kan ni ó hù. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ wa yàtọ̀ sí ti bàbá náà lápá kan. Bí bàbá kan, ìyá kan àti àwọn ọmọ wọn bá di ọwọ́ ara wọn mú, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn dé etí òkun náà, tí wọ́n dúpẹ́, tí wọ́n jẹun, tí gbogbo wọn sì padà wọ ọkọ̀ kan náà wá sílé ní ìrọ̀lẹ́, ohun tí wọ́n ṣe kì í ṣe ẹ̀gàn sí àwọn tí kò padà. Ohun tí a gbà lọ́wọ́ àwọn wọ̀nyẹn ni, a sì ń lò ó níwájú Ọlọ́run pẹ̀lú ìrántí wọn.

Ọmọ yóò sì béèrè pé, “Ta ni ó tà wọ́n?” Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe purọ́ fún un. Òyìnbó ni ó rà, òyìnbó ni ó kó wọn kọjá òkun. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn aláwọ̀ dúdú, àwọn ọba àti ológun àti oníṣòwò ilẹ̀ yìí, ni ó mú wọn wá sí ọjà. Ẹni tí a bá kọ́ ní ìdajì ìtàn kò ní mọ ẹ̀ṣẹ̀ náà nígbà tí ó bá tún wọlé tọ̀ ọ́ wá pẹ̀lú aṣọ mìíràn. Àwọn ọmọbìnrin wa tí a ń fi ẹ̀tàn kó lọ sí òkè òkun lónìí, ta ni ó ń tà wọ́n bí kò ṣe ẹni tí ó mọ ilé wọn?

Ní ti owó, a kò ní pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí Olúwa wa ti sọ ọ́ tán nínú Luku orí 14 nípa ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ tí kò kọ́kọ́ jókòó ṣírò. Síbẹ̀ a gbọdọ̀ sọ ohun tí ojú wa rí. Arákùnrin kan, tí a kò ní dárúkọ, kó ìdílé rẹ̀ lọ sí erékùṣù kan ní òkè òkun. Àwòrán wọn dára, gbogbo wa rí i, a sì kí wọn kú oríire. A kò mọ̀ pé ó ti yá owó lọ́wọ́ àwọn ayánilówó orí ẹ̀rọ alágbèéká, lọ́dọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí oṣù kẹsàn-án dé, owó ilé-ẹ̀kọ́ kò sí. Àwọn ayánilówó náà sì fi iṣẹ́ ìtìjú ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ rẹ̀, títí kan àlùfáà rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni kò fi wá sí ilé ìsìn, nítorí ojú tì í. Àwọn ọmọ tí ó fẹ́ mú inú wọn dùn ni a lé kúrò ní kíláàsì. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá gbé Zanzibar, kí ó lọ kí ó sì dúpẹ́, a kò bá a jà. Ẹni tí agbára rẹ̀ gbé Gberefu, kí ó lọ sí Gberefu. Àjọ kékeré láti oṣù kìíní, tàbí owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, sàn ju ẹ̀yáwó òjijì lọ, ó sì dára kí àwọn ọmọ ní kóló tiwọn tí wọn yóò fi dá sí i, kí wọ́n lè mọ̀ pé ayọ̀ ní iye owó.

Ní ti omi, ẹ rántí ìrìn-àjò Pọ́ọ̀lù nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 27. Ó kìlọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n balógun náà gba ọ̀rọ̀ ọlọ́kọ̀ gbọ́ jù ú lọ. Bí ọlọ́kọ̀ bá ní àyè ṣì wà fún ènìyàn mẹ́rin sí i nígbà tí ẹ ti rí i pé ọkọ̀ ti kún, ẹ sọ̀kalẹ̀. Kí olúkúlùkù wọ ẹ̀wù tí ń múni léfòó, àgbà àti ọmọ, kí ó tó jókòó. Òkun etí ilẹ̀ wa le, ìgbì rẹ̀ a máa fa ènìyàn lẹ́sẹ̀. Kí ọmọ kankan má ṣe wẹ̀ níbẹ̀. Àkókò ìsinmi òjò ní oṣù kẹjọ sàn ju àárín òjò oṣù keje lọ. Kí ẹ sì ka àwọn ọmọ kí ẹ tó lọ àti kí ẹ tó bọ̀, nítorí Jósẹ́fù àti Màríà, ẹni mímọ́ méjì, rin ìrìn ọjọ́ kan gbáko, olúkúlùkù rò pé ọmọ náà wà nínú ẹgbẹ́ èrò.

Bí ìrìn-àjò náà bá kan ọjọ́ Olúwa, ilé ìsìn ìjọ wa wà ní Àgbádárìgì. Ẹ wọlé, ẹ jókòó láàrin àwọn ará wa tí ń sọ èdè Ògù, ẹ gbọ́ bí a ti ń yin Ọlọ́run kan náà.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun ni ó sì wúwo jù lọ́kàn wa. Òfin tí a kà nínú Deuteronomi kò dúró lórí ọmọ ẹni nìkan. Ó dárúkọ ìránṣẹ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa ní ọmọ ọ̀dọ̀ nílé. Nígbà tí a bá ń kó ẹrù sínú ọkọ̀, ṣé ọmọ náà ń bá wa lọ láti rí òkun, tàbí ó ń bá wa lọ láti fọ àwo ní etí òkun, tàbí a tilẹ̀ tì í mọ́lé pẹ̀lú ajá? Àwọn mìíràn nínú wa ní ilé-iṣẹ́, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní ilé ìwé aládàáni. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ní kí òṣìṣẹ́ tí ó bá ti ṣiṣẹ́ fún oṣù 12 láìdáwọ́dúró gba ìsinmi pẹ̀lú owó ọ̀yà rẹ̀ ní pípé, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 6. A kò sì gbọdọ̀ fi owó dípò rẹ̀ nígbà tí ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. A mọ ohun tí a ń ṣe láti yẹ òfin yìí sílẹ̀. A ń gba ènìyàn fún oṣù díẹ̀, a ń dá a dúró, a tún ń gbà á padà, kí ọdún rẹ̀ má bàa pé láé. Ẹni tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń kó ìdílé tirẹ̀ lọ sí erékùṣù, kí ó tún ẹsẹ 15 orí náà kà kí ó tó wọ ọkọ̀.

Kí a má bàa dà bí ẹni tí ń tọ́ka sí ẹlòmíràn, a ó jẹ́wọ́ tiwa. Ọkùnrin kan wà tí ń tọ́jú ilé ìsìn wa, tí ó sì ń lu agogo. Nígbà tí a ń múra ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní ọdún tí ó kọjá, a wo ìwé, a sì rí i pé ọdún 11 ni ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, a kò fún un ní ọjọ́ ìsinmi kan rí. Kò béèrè, àwa náà kò rántí. A pè é, a bẹ̀ ẹ́, a sì fún un ní ọjọ́ 6 pẹ̀lú owó ọkọ̀ fún gbogbo ilé rẹ̀. A rò pé yóò lọ rí òkun ní Àgbádárìgì, nítorí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún un. Ọjọ́ 5 ni ó lò pẹ̀lú ìyá rẹ̀ ní abúlé. Ó padà dé ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tí ó ku ọjọ́ kan, àwa sì rò pé yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọdékùnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin ni ó lu agogo, kò sì lù ú dáadáa. Ọkùnrin náà wọlé láti ẹnu ọ̀nà iwájú pẹ̀lú aya rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin, ó wọ agbádá, ó jókòó sí àárín wọn ní ìjókòó kẹta, kò sì dìde títí a fi gba ìbùkún ìkẹyìn.